Omi Inú Ìgò Keje

Ọjọ́bọ̀ ni a lọ bu omi náà. Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ju garawa àkọ́kọ́ sínú kànga ilé wa lójú gbogbo kíláàsì. Mo rántí aago nítorí pé èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sínú ìwé, títí kan àkókò tí a ṣe é.

Èmi ni mo dàgbà jù nínú wa. Ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni àwọn yòókù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kí n tó wọ yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ṣe ìdánwò àbáwọlé. Bàbá Àgbà ni wọ́n ń pè mí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n ń dá omi sáyé, ṣé ẹ ti wà níbẹ̀?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí pé kí n mú wọn wá sílé wa. Olùkọ́ wa ní òun ń wá kànga mẹ́wàá ní àdúgbò kan náà, kí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe ohun tí a ti ń kà nínú ìwé láti ọdún méjì. Mo na ọwọ́ sókè. Èmi àti agbẹ́kànga kan la gbẹ́ kànga náà lọ́dún méje sẹ́yìn, nígbà tí ìyá wa ṣì wà láyé. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló gbà wá. Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, èékánná méjì ló sì bọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Ìgbéraga ni, n kò ní fi bò.

Ìyá Nọ́ńbà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí ohun tí èèyàn lè sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Nọ́ńbà kọ́kọ́, ìtàn lẹ́yìn." Kí a tó kúrò ní yunifásítì láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti fún wa ní ìwé kan pé kí a fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ èsì àyẹ̀wò fún onílé kankan, àfi bí a bá ti ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ Ajé, tí ọ̀gá ẹ̀ka wa sì ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fi kíláàsì sílẹ̀.

"Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn," ó ní, "àwọn ẹ̀gbọ́n yín kan sọ fún òpópónà kan pé májèlé wà nínú omi wọn. Ìgò tí wọn kò fọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn ti da yẹ̀pẹ̀ dí kànga kí a tó mọ̀."

Mo fọwọ́ sí i. Mo tẹ bírò náà mọ́lẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn garawa àkọ́kọ́ náà, àwọn ọmọkùnrin méjì ló ń fa omi, wọ́n ń dà á nù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: a ó kọ́kọ́ fi okùn onínọ́ńbà wọn jíjìn omi, a ó fọ okùn náà kí ó má ṣe gbé ìdọ̀tí kànga kan lọ sínú òmíràn, lẹ́yìn náà a ó fa omi tó ti dúró pẹ́ kúrò kí omi tuntun tó ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ lè dé. Omi tuntun yẹn la máa ń wọn.

"Ẹ rọra o!" ni ọmọkùnrin kan tí a ń pè ní Agbẹnusọ ń pariwo. "Kànga Bàbá Àgbà nìyí. Ó lè jẹ́ pé inú ibẹ̀ ló tọ́jú sàtífíkéètì rẹ̀ sí."

Àbúrò mi obìnrin gbọ́ ariwo, ó jáde láti ibi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká. Àwa mẹ́ta là ń gbé ilé náà. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fa omi wa gbẹ?"

"Rárá o, Mà. Èyí tó ti sùn la ń jí," Agbẹnusọ dáhùn.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Mà yìí, kí n má bàa bi yín pé ìgbà wo ni mo bí yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń pè é.

"Ọ̀gá," àbúrò mi ní. "Ọmọ oṣù méjì àti ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni, gbogbo ilé ló ń dìde bó bá ti ké."

Ọ̀gá kò ké lọ́jọ́ náà. Ó kàn ń wò wá. Mílíìkì inú agolo ló ń mu, nítorí pé oówo ti yọ sínú ọmú ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó bímọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n là á, ọmú sì gbẹ. Omi kànga wa la fi ń po mílíìkì náà.

Mo ti ẹ̀rọ bọ inú omi. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, bí kálámù tó sanra, ó ń sọ bí ohun tó yòrò sínú omi ṣe pọ̀ tó. Nínú kànga mẹ́fà tí a ti wọn, kò sí èyí tó kọjá irinwó. Kànga wa mú ẹgbẹ̀rún kan ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún wá.

"Orí ẹ̀rọ yìí ti dàrú," Agbẹnusọ ní.

A fọ̀ ọ́. A tì í bọ omi tí a gbé wá láti yunifásítì, èyí tí a ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì sọ nọ́ńbà yẹn gẹ́lẹ́. A dá a padà sínú omi wa. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, mo fi ara ṣíji bo ẹ̀rọ náà kí àbúrò mi má bàa rí i.

Àbúrò mi ti gbé ọmọ padà wọlé kí Ìyá Nọ́ńbà tó ti kànga kẹfà dé. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ògiri ẹ̀yìn wa, ó fa afẹ́fẹ́ sínú.

"Kí ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn?"

"Ọgbà adìẹ ni, Mà."

"Níbo ni wọ́n ń da ìgbẹ́ wọn sí?"

Mo nawọ́ sí i. Ihò kan ni, ó fẹ̀ bí yàrá, ìgbátí ògiri wa ló wà. Mo ti máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọdún méjì. N kò ka ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ihò náà àti kànga wa rí, àfi ọjọ́ yẹn tó ní kí n kà á. Méjìlélógún ni.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. A rọ omi sínú ìgò, a kọ nọ́ńbà keje sí i lára, a sì tì í sínú àpótí yìnyín pẹ̀lú àwọn yòókù. Kò sí orúkọ onílé lára ìgò kankan.

Nígbà tí mo padà délé nírọ̀lẹ́, àbúrò mi ń gbé omi ọmọ kaná.

"Bùrọ̀dá, kí ni wọ́n sọ nípa omi wa? Ṣé ó dára?"

"A ò tíì mọ̀."

"Ẹ ò tíì mọ̀, àbí ẹ ò fẹ́ sọ?"

Ìwé tí mo fọwọ́ sí wà lọ́kàn mi. Ọdún mẹ́sàn-án wà lọ́kàn mi. Ìdánwò mẹ́rin náà wà níbẹ̀. Mo wo ìkòkò.

"Ìṣẹ́jú mélòó lo fi ń sè é?"

"Ogún, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe."

Lóòótọ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ọjọ́ kejì tó ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n ti kọ́ wa lọ́dún àkọ́kọ́ pé omi híhó ń pa kòkòrò, mo sì gbé ẹ̀kọ́ náà wálé bí ẹni gbé ẹ̀bùn wálé.

"Máa fi ogójì ìṣẹ́jú sè é láti òní lọ," mo ní. "Má jẹ́ kó dín."

"Ogójì? Ṣé ẹran ni?"

"Ṣáà máa sè é."

Ó wò mí. Ó mọ̀ mí. Kò bi mí mọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó tan iná sítóòfù náà sókè.

Ọjọ́ kejì, agogo mẹ́wàá, a wà ní yàrá àyẹ̀wò. Ìgò mẹ́wàá ló tò sórí tábìlì. Ohun tí a fẹ́ wá nínú wọn ni náítréètì, ìyẹn iyọ̀ kan tí ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ máa ń sọ sínú ilẹ̀, tí òjò á wá gbé e wọ inú omi. Kò ní òórùn. Kò ní adùn. Omi tó ní in mọ́ gaara bí omi òjò. A ní bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí èèyàn máa ń tì bọ inú omi fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó dúró fún ìṣẹ́jú kan, kó sì wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá funfun, kò séwu. Bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, kí a ṣọ́ra.

Ìkíní funfun. Ìkejì funfun. Ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún funfun. Ìkẹfà, tó wà nílé kejì sí tiwa, pupa díẹ̀.

Wọ́n gbé ìkeje fún mi. N kò sọ pé èmi kọ́. Mo ti bébà náà bọ̀ ọ́, mo gbé e sórí àwo funfun, mo ń wo aago. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tó fi yí padà. Ó dà bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi omi là. Mo rò pé ó máa dúró níbẹ̀. Kò dúró, ó ń ṣú sí i, ó ń ṣú sí i, títí ó fi kọjá àwọ̀ tó pọ́n jù lọ tí wọ́n yà sára páálí rẹ̀.

"Ẹ wá wo ìyàwó o!" Agbẹnusọ pariwo. "Ìkeje ti lọ kun osùn!"

Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀. Àádọ́ta ni kò yẹ kí omi mímu kọjá. Igba ó lé méjìlá ni ẹ̀rọ náà kọ.

Agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ìgò keje, igba ó lé méjìlá. Ọwọ́ mi kọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà mo jókòó.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe láàárín ìgbà náà àti agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. N kò ṣe nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì ni mo fi jókòó lórí àga gíga kan, tí mo ń wo ìgò ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá tí wọ́n ń wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé àbúrò mi ń sè é. Mo ń sọ fún ara mi pé ogójì ìṣẹ́jú ni, pé kò sí ohun tó lè là á já. Mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Ọjọ́ Ajé kò jìnnà, mo ní. Èèyàn kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé tó fi ọdún mẹ́sàn-án wá.

Ìyá Nọ́ńbà fọwọ́ lu tábìlì.

"Ó dáa. Ká ní ọjọ́ Ajé ti kọjá, ẹ wá lọ sílé ìkeje. Onílé ní, 'Kò séwu, mo máa ń sè é.' Kí lẹ máa sọ fún un?"

"Pé kó máa sè é lọ, Mà," Agbẹnusọ dáhùn. "Bó bá ti hó, ó parí."

"Kí ló parí?"

"Kòkòrò, Mà."

"Kòkòrò ló ń kú. Èyí kì í ṣe kòkòrò. Kò láàyè, báwo ni yóò ṣe kú? Bí omi bá ń hó, omi ló ń di ooru tó ń jáde lọ. Níbo ni iyọ̀ ń lọ?"

Ó gbé ìgò keje sókè.

"Inú ìkòkò ló ń dúró sí. Bó bá sè é tí ó fi ku ìdajì, iyọ̀ náà ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń ṣọ́ra jù, tó ń sè é pẹ́ jù, òun ló ń fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní èyí tó le jù. Àgbàlagbà kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ìkókó bá wà nínú ilé yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Yóò máa mí, kò sì ní ṣe é láǹfààní. Ètè rẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Àga náà ṣubú sẹ́yìn, ariwo rẹ̀ mú kí gbogbo wọn yíjú.

"Mà," mo ní. "Ilé wa ni ìkeje."

"Mo mọ̀ pé ilé yín ni."

"Ọmọ kan wà níbẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Mílíìkì agolo ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa sè é."

Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ nípa ìwé kankan. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó.

"Pè wọ́n. Kí lo ṣì ń wò?"

Àbúrò mi gbé fóònù ní ìgbà kẹta tó dún. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bùrọ̀dá? Ẹ ti jáde ni?"

"Ọ̀gá ńkọ́?"

"Ó ń sùn. Ẹ ò rí i, ọmọ yín ti di ọmọlúàbí lónìí, láti àárọ̀ kò ké rárá. Mo ti rán búláòsì méjì parí."

"Wo ètè rẹ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Mo ní wo ètè rẹ̀!"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Mo gbọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ṣí aṣọ kan.

"Ó ṣú díẹ̀. Bó ṣe wà láti ọjọ́ mélòó kan náà nìyí, òtútù ni... Bùrọ̀dá, èékánná rẹ̀ náà ṣú. Kí ló dé? Kí lẹ mọ̀?"

"Má fún un ní nǹkan kan. Má fún un ní omi, má fún un ní mílíìkì. Gbé e dání. A ń bọ̀."

Ìyá Nọ́ńbà ló wa ọkọ̀ ẹ̀ka wa. Kò dúró kí wọ́n sọ àwọn àpótí yìnyín tó wà lẹ́yìn kalẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri bí a bá ti ya kọ́nà. Lójú ọ̀nà ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: báwo ni ọmọ náà ṣe wúwo tó, ìgò mélòó ló ń mu lójúmọ́, ṣé ó ń yàgbẹ́ gbuuru? Mo dáhùn ẹyọ kan. Méjì tó kù, n kò mọ̀ wọ́n. Mo mọ iye búlọ́ọ̀kù tó ń jáde nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan, n kò mọ ìgò tí ọmọ ń mu nínú ilé tí mò ń gbé.

Àbúrò mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà. Mo sáré wọlé lọ pa sítóòfù nítorí pé mo ń gbọ́ bó ṣe ń hó láti ìta. Ìkòkò wà lórí iná. Ìkòkò ńlá ni, ẹnu rẹ̀ ló máa ń bu omi kún dé, ṣùgbọ́n omi tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Ìlà funfun kan yí inú ìkòkò náà ká níbi tí omi ti dé tẹ́lẹ̀. N kò lè mú ojú mi kúrò lára ìlà yẹn. Ìyá Nọ́ńbà fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jáde.

Nínú ọkọ̀ mo wo Ọ̀gá. Kì í ṣe pé ó dúdú. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, eérú tí omi ta sí, ètè rẹ̀ sì dà bí ẹni tó lá yíǹkì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Ó ń mí kíákíá, wuu wuu, bí adìẹ tí oòrùn pa.

"Mo sè é," àbúrò mi ń sọ. "Ogójì ìṣẹ́jú. Àfi lánàá alẹ́ tí oníbàárà kan wá, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Bùrọ̀dá, ṣé ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni? Ṣé n kò sè é pẹ́ tó ni?"

Ìyá Nọ́ńbà wò mí nínú dígí ọkọ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ títì.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan já ọmọ náà gbà, ó fi ìbòmú afẹ́fẹ́ bo imú rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ló fẹ́, ìyá ìkókó, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa rí i báyìí tó máa pọ́n." A dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Afẹ́fẹ́ ń dún fìì nínú rọ́bà. Ọ̀gá kò pọ́n. Nọ́ọ̀sì yí kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà sókè, ó sì tún yí i. Nígbà tó yá, kò sọ pé kí a fọkàn balẹ̀ mọ́.

Dókítà tó wá, ọmọdé ni, mo rò pé mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ó fi ẹ̀rọ tẹ́tí sí àyà ọmọ náà.

"Ọkàn rẹ̀ dára, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dára," ó ní. Ó wo ètè rẹ̀. "Kò yẹ kó rí báyìí."

"Omi ni," Ìyá Nọ́ńbà ní. "Náítréètì ni. Igba ó lé méjìlá nínú kànga, wọ́n sì ń sè é gbẹ. Ó lè ti di irinwó nínú ìgò ọmọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ta ni?"

"Èmi ni olùkọ́ tó ní kí wọ́n wọn ọ́n."

Dókítà náà wò ó, ó wo ọmọ, ó mú abẹ́rẹ́ ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ níbi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. N kò rí irú ìyẹn rí. Àwọ̀ kòkó tí wọ́n pò sínú ife ni. Ó ta á sórí bébà funfun, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kò pọ́n.

"Ẹ pe ilé oògùn," ó sọ fún nọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Oògùn aláwọ̀ aró yẹn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n sáré."

Nọ́ọ̀sì padà, ó ní ìgò kan ṣoṣo ló kù, wọ́n ń wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ bóyá kò tíì kọjá. Ìṣẹ́jú méjìlá ni a fi dúró de ìgò náà. Ojú Ọ̀gá ti pa dé pátápátá. Àbúrò mi kò sunkún. Ó kàn di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń pè é ní gbogbo oríkì tó mọ̀, ó sì ń tún un pè.

Oògùn dé. Wọn kò rí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, ẹsẹ̀, kí wọ́n tó rí ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ orí. Wọ́n ń ti oògùn náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúdú bí aró lóòótọ́, mo sì ń rò ó pé ọmọ tó ti ṣú ni wọ́n tún ń ti òkùnkùn sí lára. Agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, etí rẹ̀ pọ́n. Etí ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ètè. Ó la ẹnu, ó ké. Igbe náà kò lágbára, ṣùgbọ́n gbogbo wa la dìde.

Ìyá Nọ́ńbà fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní òun ń lọ kan ilẹ̀kùn ilé kẹfà, kí òun sì rí ẹni tó ni adìẹ.

"Ìwé tí a fọwọ́ sí ńkọ́, Mà?"

"Èmi ni mo kọ ìwé yẹn," ó ní. "Èmi náà ni mo ń lọ ya á."

Ó ku àwa mẹ́ta nínú yàrá náà. Lẹ́yìn wákàtí kan, àbúrò mi tú ìtẹ́dìí ọmọ, ó sì figbe ta. Ìtọ̀ ọmọ náà dà bí omi ewé tí wọ́n fún. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó wò ó, ó gbá ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ fẹ́ pa mí! Oògùn náà ló ń jáde. Títí di ọ̀la ló máa tọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wọ̀ ọ́ láṣọ funfun ṣá."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì já. Ó di ọmọ náà ní ìtẹ́dìí tuntun. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti pinnu, Bùrọ̀dá. Wákàtí kan ni mo máa fi sè é báyìí. Mi ò ní gbọ́ ti oníbàárà kankan."

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Dókítà ti lọ, Ìyá Nọ́ńbà ti lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kò yé àbúrò mi, ó sì ti gbàgbọ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún tòun ló fà á. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti yàrá àyẹ̀wò lọ.

"Sísè náà ni," mo ní.

"Kí ni?"

"Sísè ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú omi wa, iná kì í pa á, ṣe ló ń mú un le sí i. Ká ní o kò sè é rárá, ì bá ti dín. Èmi ni mo ní kí o fi ogún ìṣẹ́jú sè é. Èmi ni mo ní kí o sọ ọ́ di ogójì. Lánàá mo ti rí i pé omi náà kò dára, n kò sọ fún ọ. Láàárọ̀ yìí mo mọ nọ́ńbà rẹ̀, mo sì tún jókòó fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí o yọ yẹn, òun nìkan ni ohun rere tí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe."

Mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ oògùn kan tó ń kọjá níta, táyà rẹ̀ kan ń dún.

"Kí ni ẹ jókòó ń ṣe?" ó bèèrè. "Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì yẹn."

"Mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé mi."

Ó gbé ọmọ náà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé yóò yí ẹ̀yìn sí mi. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Láti àárọ̀ mi ò tíì tọ̀," ó ní. "Ẹ máa wo ètè rẹ̀. Bó bá yí padà báyìí, ẹ kígbe. Ẹ má jókòó."

Ó jáde. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. N kò tíì gbé e pẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n bí i. Ìmọ́lẹ̀ yàrá náà kò dára, gílóòbù rẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀, n kò sì lè mọ̀ bóyá pupa ni mò ń rí tàbí mo kàn fẹ́ kó pupa. Mo dìde, mo gbé e lọ sójú fèrèsé níbi tí oòrùn wà. Ó pupa. Mo padà jókòó, kò dá mi lójú mọ́, mo tún dìde.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe bá mi nìyẹn, lójú fèrèsé, tí mò ń ka èémí ọmọ náà sókè bí ẹni ń ka búlọ́ọ̀kù. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fa àga sí ìdí mi, ó jókòó, òun náà sì ń wo ètè rẹ̀.

"Mélòó lẹ kà dé?" ó ní.

"Igba ó lé mọ́kànlá."

"Ẹ máa kà á lọ."